Bí wọ́n ṣe tún tábìlì ìsanwó ilé iṣẹ́ àjọ kan tò ní Iléṣà láì dá ọjà dúró

Iléṣà ni ilé iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àjọ ojoojúmọ́ ni iṣẹ́ wọn. Láti àárọ̀ ni àwọn alájọ wọn ti máa ń yí ọjà Àtàkúnmọ́sà ká: wọ́n á gba ẹgbẹ̀rún náírà lọ́wọ́ aláta, wọ́n á gba ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́wọ́ ẹni tó ń ta bàtà, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, àtẹ̀jíṣẹ́ á sì wọ fóònù oníbàárà lójú ẹsẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni wọ́n fi rọ́pò káàdì tí alájọ àtijọ́ máa ń fàmì sí. Bí kò bá wọlé, oníbàárà ò ní jẹ́ kí alájọ kúrò níwájú ìsọ̀. Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, ọmọ òṣómàáló. Ẹni tí bàbá rẹ̀ lòṣó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ó fi gbowó kì í fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré.

Gbogbo owó tí wọ́n bá gbà, ìlà kan ni nínú tábìlì tí wọ́n pè ní `isanwo`. Ọdún ń gorí ọdún, ìlà náà ti lé ní mílíọ̀nù 110. MySQL 5.7 ni ètò dátábéèsì tí wọ́n ń lò, InnoDB, apá MySQL tó ń tọ́jú ìlà sórí díìsìkì, ló gbé tábìlì náà dání, ó sì tó nǹkan bí 45 GB tí a bá ka àwọn index mọ́ ọn, ìyẹn àwọn àtòkọ tó ń jẹ́ kí MySQL tètè rí ìlà tó ń wá. Inú ọ́fíìsì wọn gan-an ni server náà wà, lórí inverter, pẹ̀lú 16 GB RAM.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ ṣe sí tábìlì yìí. Wọ́n fẹ́ fi kọ́lọ́ọ̀mù kan kún un tí á máa sọ ọ̀nà tí owó gbà wọlé, yálà owó ọwọ́, POS tàbí tiransifá. Kọ́lọ́ọ̀mù àlàyé, tó jẹ́ VARCHAR(60), tí kò lè gbà ju lẹ́tà 60 lọ, ti kéré jù fún ọ̀rọ̀ tí báńkì máa ń kọ tẹ̀lé tiransifá, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di VARCHAR(120). Wọ́n sì tún fẹ́ index tuntun lórí ọ̀nà àti ọjọ́, nítorí pé ìròyìn òpin oṣù ti ń jẹ wọ́n ní wákàtí.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tọ́jú dátábéèsì wọn, ọmọ tí orí rẹ̀ pé dáadáa, kọ ALTER TABLE, àṣẹ tó ń yí ìrísí tábìlì padà, mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, ó tẹ̀ wọ́n lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́ lọ́jọ́ Ajé, èkíní ti parí, èkejì ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọjà sì ti ń kún. Fóònù ọ́fíìsì ò sinmi mọ́. Ọ̀gá ní kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n fi KILL dá a dúró, tábìlì tuntun tí MySQL ti ń dà kọ látòru pòórá, iṣẹ́ ALTER kejì di òfo.

Ìgbà tí wọ́n pè mí sí ọ̀rọ̀ náà, mi ò kọ́kọ́ béèrè nípa RAM tàbí díìsìkì. Mo ní kí wọ́n bá mi pe alájọ kan kó tún ohun tó rí láàárọ̀ yẹn sọ. Ó ní, "A ń rí oníbàárà, ọ̀gá. A ń rí iye tó ti dá. Owó tuntun la tẹ̀ tí kò wọlé, ó kàn ń yí gbiri ni." Ibẹ̀ ni ìdáhùn wà. Tábìlì tó ṣeé kà tí kò ṣeé kọ sí, COPY ló ń lọ lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́ta ni MySQL ń gbà yí tábìlì padà. COPY ló ti wà tipẹ́: ó máa dá tábìlì tuntun sílẹ̀, ó máa da gbogbo ìlà kọ sínú rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó sì máa fi rọ́pò ti àtijọ́. Títí tó fi máa parí, ẹ lè kà, ẹ ò lè kọ. INPLACE tẹ̀lé e. Láti 5.6, tó jáde ní 2013, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó bá gba ọ̀nà yìí kì í dí àwọn tó ń kọ nǹkan sínú tábìlì lọ́wọ́. INSTANT ló dé kẹ́yìn, ní 8.0.12 lọ́dún 2018, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn onídátábéèsì Tencent Games ní Ṣáínà ni. Ìyẹn kì í fọwọ́ kan ìlà kankan, àkọsílẹ̀ tó ń júwe tábìlì nìkan ló ń tún ṣe. Àmọ́ 5.7 ni àwọn ará Iléṣà wà, INSTANT ò sí nílé.

Fífi kọ́lọ́ọ̀mù kún tábìlì ní 5.7, INPLACE ni. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, ìdí nìyí tí èkíní fi lọ ní ìrọ̀rùn. VARCHAR ló dá wàhálà sílẹ̀. utf8mb4 ni ọ̀nà tí tábìlì náà fi ń kọ lẹ́tà pa mọ́, lẹ́tà kan lè gba báìtì mẹ́rin. Lẹ́tà 60 jẹ́ báìtì 240, lẹ́tà 120 jẹ́ 480. Báìtì kan ṣoṣo ni MySQL fi ń kọ gígùn VARCHAR tí kò bá kọjá 255, méjì ló ń lò tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti sọdá ààlà yẹn, ìrísí tábìlì ti yí padà, àfi COPY. Ká ní VARCHAR(63) ni wọ́n fẹ́, tó jẹ́ 252, kíá ló máa parí, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti pẹ́ nídìí MySQL tí kò mọ ààlà yìí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí pé lójú, 60 sí 63 àti 60 sí 120 jọ ara wọn.

Ọ̀nà tí wọn ì bá fi mọ̀ kó tó di òru Àìkú rọrùn, owó kankan ò bá a lọ. A ṣe é lójú ọmọ náà. A tẹ `CREATE TABLE idanwo LIKE isanwo`, tábìlì òfìfo nìyẹn, kò ní ìlà kankan. A wá tẹ ALTER méjì tó kù lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì kọ `ALGORITHM=INPLACE, LOCK=NONE` sí ìparí, ìyẹn ni pé kó gba INPLACE, kó má sì ti tábìlì mọ́ ẹnikẹ́ni. Index kọjá. VARCHAR(120) ò kọjá, MySQL dá wa lóhùn lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe 1846, ó ní irú ìyípadà kọ́lọ́ọ̀mù yìí kò ṣeé ṣe ní INPLACE, ká lọ lo COPY. Bí ẹ ò bá kọ ALGORITHM sí i, MySQL á yan ọ̀nà fúnra rẹ̀, kò sì ní sọ fún yín pé COPY lòun yàn. Bí ẹ bá kọ ọ́, tí ọ̀nà yẹn ò sì ṣeé gbà, ó máa kọ̀. Kíkọ̀ yẹn gan-an lẹ ń wá. Bí ẹ bá fi ìlà díẹ̀ sínú `idanwo`, àmì mìíràn tún wà níbẹ̀: bí MySQL bá ní `0 rows affected`, kò da ìlà kọ, bí ó bá dá iye ìlà yẹn padà fún yín, ó ti dà wọ́n kọ.

Ẹnì kan ní ọ́fíìsì dábàá pé kí wọ́n pa méjì tó kù pọ̀ sínú ALTER kan ṣoṣo, kí MySQL lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Àbá tó dáa ni bí gbogbo wọn bá jọ ń gba ọ̀nà kan náà. Ní ti èyí, bí ọ̀kan bá gba COPY, gbogbo wọn ló máa gba COPY.

A wá yà sọ́dọ̀ àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣe é láti ìta. Facebook gbé irú rẹ̀ jáde ní 2010, Percona ní pt-online-schema-change, GitHub náà gbé gh-ost jáde ní 2016. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jọra: wọ́n á dá tábìlì òfìfo tó ti ní ìrísí tuntun sílẹ̀, wọ́n á máa kó ìlà lọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa tọpa ohun tí àwọn èèyàn ń kọ lọ́wọ́, bí méjèèjì bá ti bára mu, wọ́n á pààrọ̀ orúkọ wọn. Trigger mẹ́ta, ìyẹn àṣẹ tí MySQL máa ń ṣe fúnra rẹ̀ bí ìlà bá yí padà, ni ti Percona fi ń tọpa: ọ̀kan fún INSERT (ìlà tuntun), ọ̀kan fún UPDATE (àtúnṣe), ọ̀kan fún DELETE (pípa rẹ́). gh-ost ń ka binlog ní tirẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ tí MySQL ń kọ gbogbo ìyípadà sí. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ mi ni, gh-ost ni mo máa yàn, ó ṣeé dá dúró láàárín iṣẹ́ láì ba nǹkan jẹ́. Ṣùgbọ́n wọn ò tan binlog lórí server yẹn, `isanwo` sì ní foreign key tó so ó mọ́ tábìlì oníbàárà, gh-ost kì í gba foreign key. Ti Percona ló kù.

Orí ẹ̀dà tí a tú láti inú backup la ti kọ́kọ́ dán an wò, iye àsìkò tó ní òun máa lò sì dẹ́rù bani. Kò yà mí lẹ́nu nígbà tí mo wo `innodb_buffer_pool_size`, iye RAM tí InnoDB fi ń tọ́jú ohun tó ń lò lọ́wọ́: 128 MB. Iye tí MySQL ń gbé wá láti ilé ni, ẹnikẹ́ni ò yí i padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé server náà kalẹ̀, lórí ẹ̀rọ tó ní 16 GB. Primary key wọn, nọ́ńbà tó dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀, lọ ní ìtẹ̀léra, kíkọ ìlà fúnra rẹ̀ ò le. Àwọn index tó kù ló ń jẹ àsìkò. Ìlà tuntun kan gbọ́dọ̀ wọ inú index oníbàárà níbì kan, inú index alájọ níbòmíì, inú index ọjà níbòmíì, bí ojú ewé tí wọ́n fẹ́ kọ sí ò bá sí nínú RAM, díìsìkì ni wọ́n á lọ wá a. Láti 5.7 a lè fẹ buffer pool lójú iṣẹ́ láì pa server. A gbé e sí 10 GB, àsìkò náà já wálẹ̀ dáadáa.

Index méje ni tábìlì náà ní. `sys.schema_unused_indexes` fi mẹ́ta hàn tí ẹnikẹ́ni ò tíì lò láti ìgbà tí server ti tàn kẹ́yìn. Ọmọ náà ti fẹ́ pa wọ́n rẹ́ ní kíá, mo ní kó jẹ́ kí òpin oṣù kọjá ná. Òpin oṣù kọjá, ọ̀kan nínú wọn jáde kúrò nínú àkójọ náà, torí pé ìròyìn owó oṣù àwọn alájọ ló ń lò ó. Méjì tó kù la fi sínú iṣẹ́ náà kí tábìlì tuntun má wulẹ̀ kó wọn dání. Index tuntun tí wọ́n fẹ́, a yọ ọ́ kúrò, a ní yóò dúró dìgbà tí tábìlì bá ti bọ́ sípò. Index tí MySQL bá kọ́ lẹ́ẹ̀kan lórí tábìlì tó ti kún, ó máa to gbogbo rẹ̀ kó tó kọ ọ́, ó máa ń yára, ó sì máa ń fún mọ́ra, ju èyí tó ń gba ìlà lọ́kọ̀ọ̀kan lọ.

Ọ̀sán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí server gidi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tí kì í ti tábìlì, mi ò rí ìdí tí a fi máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní òru tí gbogbo ẹni tó lè ràn wá lọ́wọ́ ti sùn.

Kò pẹ́ tí fóònù tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ọ̀rọ̀ àwọn alájọ yàtọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí kíkà, kò sí kíkọ, gbogbo rẹ̀ dúró. Kó tó pẹ́, gbogbo rẹ̀ tún dédé wọlé pọ̀. Ó tún dúró. Ẹnì kan nínú wọn tó ní sùúrù wo aago fún wa: ìṣẹ́jú kan ló máa ń dúró, kì í dín, kì í lé.

Ìṣẹ́jú kan géérégé kì í ṣe ti díìsìkì, kì í sì í ṣe ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹnì kan ló kọ iye yẹn síbì kan. Nínú pt-online-schema-change, `lock_wait_timeout` jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 60. Kí trigger tó wọ tábìlì, ó gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lórí ìjúwe tábìlì náà, èyí tí wọ́n ń pè ní metadata lock, kò sì lè gbà á bí transaction kan, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹnì kan ṣí tí kò tíì fi commit tì, bá ṣì ń lo tábìlì yẹn, ì báà jẹ́ SELECT lásán, kíkà nìkan, ló ṣe níbẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ náà máa dúró. Bí àgbà bá dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń retí ẹni tó wà nínú yàrá, ọmọdé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ò ní gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wọlé. Irinṣẹ́ náà dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 60, ó jáwọ́, gbogbo èrò ẹ̀yìn rọ́ wọlé, ó tún padà dúró.

`SHOW PROCESSLIST` kún fún `Waiting for table metadata lock`. Àwọn yẹn ni wọ́n ń dúró, àwọn kọ́ la ń wá. Ẹni tí wọ́n ń dúró dè ni a ń wá, àwọn irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í pariwo: `Sleep` ni wọ́n máa ń kọ síwájú orúkọ wọn. A wo `information_schema.innodb_trx`, transaction kan wà níbẹ̀ tó ti ṣí láti àárọ̀. Kọ̀ǹpútà yàrá ìṣirò owó ló ti wá. Ọmọ náà sáré lọ síbẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ṣì ń lo èyí tí ẹ ṣí sílẹ̀ yẹn?"

"Èwo nínú wọn? Mo ti wo ohun tí mo fẹ́ wò láti àárọ̀."

"Ẹ bá mi pa á dé, mà."

Màmá náà pa á dé, trigger mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọlé kí ọmọ náà tó padà dé ìdí tábìlì rẹ̀. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń wo dátábéèsì lórí kọ̀ǹpútà yẹn ti pa autocommit, èyí tó máa ń tẹ commit fúnra rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohunkóhun tí ó bá wò, transaction á ṣí, kò sì ní tì títí ẹnì kan á fi tẹ commit. Ta ló máa tẹ commit lẹ́yìn tó kàn wo nǹkan? Kì í ṣe ẹ̀bi màmá. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti tan autocommit padà lórí kọ̀ǹpútà yẹn, a sì sọ ìdúró irinṣẹ́ náà di ìṣẹ́jú àáyá 3 pẹ̀lú `--set-vars`, a fi `--tries` sọ fún un pé kó máa padà gbìyànjú lọ́pọ̀ ìgbà. Dídúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3, kò sí alájọ tó máa mọ̀. Ní ti ALTER tí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ̀ ní tààrà, ẹ wo iye tó wà nínú `lock_wait_timeout` ti MySQL fúnra rẹ̀: 31536000. Ọdún kan nìyẹn.

Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa títí wọ́n fi mú iná lọ lọ́jọ́ kejì. Server wà lórí inverter, kò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n orí laptop ọmọ náà ni irinṣẹ́ náà ti ń ṣiṣẹ́, bátìrì laptop yẹn ò sì ju orúkọ lọ. Nígbà tí iná dé tó tún un bẹ̀rẹ̀, irinṣẹ́ náà kọ̀, ó ní tábìlì náà ti ní trigger. Ọmọ náà rí `_isanwo_new`, tábìlì tuntun tí irinṣẹ́ náà ń kó ìlà sí, tó ti kún dé ìdajì, ó rò pé ìyẹn ni ìdọ̀tí tó yẹ kí òun kó kúrò, ó fi DROP pa á rẹ́. Lójú ẹsẹ̀, owó kankan ò wọlé mọ́. Trigger mẹ́ta ṣì wà lórí `isanwo` tó fẹ́ kọ ẹ̀dà gbogbo ìlà sínú tábìlì tí kò sí mọ́, àṣìṣe 1146 sì ń jáde lórí gbogbo owó tí wọ́n bá tẹ̀.

Ó pè mí. Mo ní kó pa àwọn trigger rẹ́. Orúkọ wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú `pt_osc`, wọn ò ṣòro mọ̀. Ó pa wọ́n rẹ́, owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Bí pt-online-schema-change bá kú lójú ọ̀nà, trigger la kọ́kọ́ ń yọ, tábìlì tuntun la ń yọ tẹ̀lé e, a kì í yí i padà. Ẹ̀yìn ìyẹn la wá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lórí server fúnra rẹ̀, nínú tmux tó ń jẹ́ kí iṣẹ́ máa lọ bí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bá tilẹ̀ já, ibi tí laptop ẹnikẹ́ni ò ti já mọ́ nǹkan kan.

Ìyókù kò lẹ́jọ́ nínú. `--max-load` ló ń jẹ́ kó dákẹ́ bí ọjà bá kún, kó sì tún máa lọ bí ọjà bá tú. A fi `--no-drop-old-table` tọ́jú tábìlì àtijọ́ títí ọkàn gbogbo wọn fi balẹ̀. Ìdájí ni orúkọ pààrọ̀, kò sẹ́ni tó pè. Foreign key rẹ̀ jáde pẹ̀lú àmì ìlà abẹ́ níwájú orúkọ rẹ̀, bí irinṣẹ́ náà ṣe máa ń ṣe. Ẹni tí kóòdù rẹ̀ bá ń pe foreign key lórúkọ, kó fọkàn sí i. Index tuntun kọ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ nítorí pé `/tmp` kéré, ibẹ̀ sì ni MySQL ti ń to index kó tó kọ ọ́. A fi `innodb_tmpdir` darí rẹ̀ sórí díìsìkì tó láàyè, ó sì parí.

Bí ẹ bá bá irú iṣẹ́ yìí pàdé, mo máa ní kí ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ìyípadà náà bóyá ó ṣe dandan kó jẹ́ kọ́lọ́ọ̀mù àtijọ́ la máa fẹ̀. Kọ́lọ́ọ̀mù tuntun fún ọ̀rọ̀ tiransifá ì bá ti tó wọn, kò sì ní sí COPY kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń dá tábìlì tuntun sílẹ̀ lónìí pẹ̀lú utf8mb4, tó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè gùn lọ́la, kó fún un ní 64 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti ìbẹ̀rẹ̀; ó ti wà ní òdìkejì ààlà 255, INPLACE ló máa fi máa fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà. Ẹ má tẹ ALTER láì kọ ALGORITHM àti LOCK sí i. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ wo `innodb_trx` ná, ẹ lè bá màmá kan níbẹ̀ tó ti wo ohun tó fẹ́ wò láti àárọ̀.

MySQL 8.0 ni wọ́n wà báyìí, nítorí pé ìtọ́jú 5.7 ti dópin ní oṣù kẹwàá 2023. INSTANT ti wà lọ́wọ́ wọn, àti láti 8.0.29 ó lè fi kọ́lọ́ọ̀mù sí ibikíbi nínú tábìlì, ó sì lè yọ ọ́ kúrò. Ó ní iye tó mọ: bí tábìlì kan bá ti gba irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nígbà 64, MySQL á kọ INSTANT fún un títí ẹ fi máa tún gbogbo tábìlì náà kọ. Kọ́lọ́ọ̀mù `TOTAL_ROW_VERSIONS` nínú `information_schema.INNODB_TABLES` ló ń sọ ibi tí ẹ dé. Ti `isanwo` ṣì wà ní 3.